Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́

Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ ni ìwé tí ènìyàn ń kọ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ tàbí olólùfẹ́ rẹ̀. Owó tí fífi ránṣẹ́ ń náni àti iye ọjọ́ tó máa lò lọ́nà ló sábà máa ń pinnu bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣe máa gùn tó.

Ní nǹkan bí ọdún 1900 ṣáájú ìbí Kristi, orí amọ̀ ni àwọn oníṣòwò Ásíríà tó wà ní Kanesh, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, ń kọ lẹ́tà sí. Amọ̀ náà ni wọ́n fi ń ṣe àpò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà ló pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ àwọn ìyàwó tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé náà ń kọ̀wé ráhùn sí ọkọ wọn. Ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Kristi, Claudia Severa, ìyàwó ọ̀gá ọmọ ogun Róòmù kan, kọ̀wé pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, Sulpicia Lepidina, sí ọjọ́ ìbí rẹ̀, lórí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n hú jáde ní Vindolanda, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akọ̀wé ló bá a kọ èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ìkíni ìparí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó di 1840, ẹni tí lẹ́tà dé bá ló sábà máa ń sanwó, bí ọ̀nà bá sì ṣe jìn tó àti bí abala ìwé bá ṣe pọ̀ tó ni owó náà ń lé sí i. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń kọ̀wé kún ojú ewé, tí wọ́n á yí i sí ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n á tún kọ òmíràn dábùú èyí tó wà níbẹ̀. Kíkà á kì í ṣe iṣẹ́ kékeré! Àtúnṣe tí Rowland Hill dá lábàá ló mú sítáǹbù wá ní 1840: pẹ́nì kan péré ni lẹ́tà tí kò wúwo fi ń dé ibikíbi ní ilẹ̀ náà, olùkọ̀wé ló sì ń san án ṣáájú.

Ray Tomlinson fi ímeèlì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn ní 1971, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù sì bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Nígbà tí èsì ń pẹ́ kó tó dé, gbogbo ìròyìn ilé ni wọ́n ń kó sínú lẹ́tà kan ṣoṣo. Lórí WhatsApp, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń dá lọ, èsì rẹ̀ lè dé kí èkejì tó jáde, ìkíni gígùn àti déètì òkè ìwé kò sì pọn dandan mọ́.

Ní ìparí 2025, PostNord, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba, dáwọ́ pínpín lẹ́tà dúró ní Dẹ́nmárkì, iṣẹ́ tí ìjọba ibẹ̀ dá sílẹ̀ láti 1624. Ilé iṣẹ́ aládàáni ló kù tó ń gbé e.