Ẹ̀mí mélòó ló kù nínú mọ́ínmọ́ín?

Tí wọ́n bá kéde pé ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ohun tí àwọn oníṣirò ń sọ ni pé ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè dín kù fún oṣù mẹ́ta, ó sì tún dín kù ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2016, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2020. Kí ìkéde tó jáde, ilé ìdáná ti mọ̀.

Ohun tó ń bíni nínú ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ ní Òṣogbo tó bá ti di Sátidé: "Ta ló ní kò sówó nílùú? Ẹ ò rí bí aṣọ ẹbí ṣe ń tà!" Ìnáwó kọ́ ló yẹ kí wọ́n wò. Ẹni tó báni ra aṣọ ẹbí lésìí ń retí kí a bá òun náà ra lọ́dún yìí. Ẹni tí kò bá ra, òun nìkan ni yóò jókòó sábẹ́ kánópì lọ́jọ́ tó bá ń sìnkú bàbá rẹ̀. Owó yẹn gbọ́dọ̀ jáde, kódà kí wọ́n yá a. Ibi tí ojú aládùúgbò kò tó ni ìdílé ti kọ́kọ́ ń gé nǹkan kù.

Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí-méje ni kí ẹ wò. Ẹyin ló kọ́kọ́ ń lọ: odidi á di ìdajì, ìdajì á di ìdá mẹ́rin, wọ́n á wá tì í sókè téńté kí ọmọ lè rí i. Ẹran agolo á tẹ̀ lé e. Ẹja Titus á di ṣáwá tí wọ́n rún wẹ́wẹ́. Edé á dàwátì. Yóò ku ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà àti òróró, síbẹ̀ wọn ò ní yí orúkọ rẹ̀ padà. Ìyá ló sì máa ń kọ́kọ́ bu èyí tí kò léyin. Ọmọ tó kéré jù ló máa ń gbọ́ kẹ́yìn. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì wúni lórí gan-an.

Ìdí tó fi jẹ́ oúnjẹ ni pé nínú 100 náírà tí àwọn ìdílé ná ní 2019, NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò nípa orílẹ̀-èdè, rí i pé bí 57 ló lọ sórí oúnjẹ. Onílé kì í gba ìdajì owó ilé. Ìkòkò ọbẹ̀ ló ń gbà bó bá ṣe rí.

Ibi tí ètò yìí ti burú ni ọjà. Ẹni tó ń ra àpò ìrẹsì tẹ́lẹ̀ á di oníkóńgò, oníkóńgò á di ẹni tó ń ra ife. Bẹ́ẹ̀, òróró inú ọ̀rá kékeré, tí a bá wọ̀n ọ́n ní lítà, wọ́n ju ti inú kẹ́ẹ̀gì lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré ló ń san jù.

Owó kì í sì í gba ọ̀nà tó bá lọ padà wá. Wọ́n ní ọrọ̀ ajé ti gbérí ní 2017, àmọ́ láti 2015 ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun tó wà nípò gíga ti ń gba ìdajì owó oṣù, ó sì di 2018 kó tó pé. Owó tó pé yẹn náà, ìwé àwìn ló kọ́kọ́ gbà á.