Kóòtù wo ló ni ẹjọ́ yìí? Bí ilé ẹjọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ká mú obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Balógun. Ó tajà láwìn fún oníbàárà, gbèsè di ₦850,000, oníbàárà kò gbé fóònù mọ́. Àgọ́ ọlọ́pàá ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ yà sí nírú àsìkò yìí. Ibẹ̀ kọ́. Òfin Ọlọ́pàá tọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Kóòtù ló ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòtù tó wà l'Ékòó ju ẹyọ kan lọ, ẹni tó bá sì gbé ẹjọ́ lọ síbi tí kì í ṣe ibi rẹ̀ lè pààrà ibẹ̀ fún ọdún méjì kí adájọ́ tó wí pé òun kò láṣẹ lórí ẹ̀. Owó àti àkókò ti wọgbó nìyẹn.

Kóòtù ìbílẹ̀ ló sún mọ́ aráàlú jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú ìgbéyàwó tí wọ́n fi ìdána àti owó orí so. Tọkọtaya tó bá ti lọ fọwọ́ síwèé ní ríjísírì kò lè tú u níbẹ̀, kódà bí wọ́n bá ti ṣe ìdána ṣáájú. Ilé ẹjọ́ gíga ló ni ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀: wọ́n á gbàwé ní kóòtù ìbílẹ̀, wọ́n á fẹ́ ẹlòmíràn, ìgbéyàwó àkọ́kọ́ sì wà níbẹ̀ digbí lójú òfin.

Májísíréètì ló tẹ̀ lé e. Òun ló ń gbọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn tí kò le jù, ọ̀pọ̀ ìjà onílé àti ayálégbé, àti ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù 10 náírà lọ. Ìpànìyàn, owó tó ju ìyẹn lọ àti ilẹ̀ tó ní C of O, ilé ẹjọ́ gíga. Ọ̀rọ̀ owó oṣù tàbí lílé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ kóòtù ìpínlẹ̀ rárá. National Industrial Court tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ ọ.

Gbèsè obìnrin aláṣọ yìí kò tó mílíọ̀nù 5, nítorí náà ọ̀nà tirẹ̀ yá. Láti ọdún 2018 ni Èkó ti ya àwọn májísíréètì kan sọ́tọ̀ fún irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Small Claims Court ni wọ́n ń pè é, kò sì pọn dandan kéèyàn gba lọ́yà níbẹ̀. Yóò kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí onígbèsè láti béèrè owó rẹ̀. Láìsí lẹ́tà yìí, ẹjọ́ kò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí onígbèsè bá dákẹ́, ó di fọ́ọ̀mù ní kóòtù, pẹ̀lú ẹ̀rí: rìsíìtì, tàbí ọ̀rọ̀ orí WhatsApp tí onígbèsè ti ní “ẹ jọ̀ọ́ mà, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Gbólóhùn kékeré yẹn lágbára, torí ẹni tó ń tọrọ ọjọ́ ti gbà pé òun jẹ owó. Sámọ́ọ̀nsì á dé ọwọ́ onígbèsè, yóò ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Ọjọ́ 60 ni ìlànà fi sílẹ̀ láti ìpẹ̀jọ́ dé ìdájọ́.

Ilé ẹjọ́ gíga kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 90 ni òfin ilẹ̀ wa fún adájọ́ láti dájọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí lọ́yà méjèèjì bá sọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn tán ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Gbogbo ọdún tí ìsúnsíwájú ti jẹ kò sí nínú ìṣirò. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ní oṣù 3 láti lọ sílé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, lẹ́yìn náà ló kan ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Àbújá.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí Multi-Door Courthouse tí Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2002 ṣe pàtàkì: onílàjà á jókòó ti àwọn méjèèjì, bí wọ́n bá fọwọ́ sí àdéhùn, adájọ́ lè sọ ọ́ di ìdájọ́. Citizens' Mediation Centre ń ṣe irú ìlàjà bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹni tó jẹ gbèsè bá jẹ́ oníbàárà ọdún mẹ́wàá, ibẹ̀ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yà.

Ìwé ìdájọ́ kì í ṣe owó lọ́wọ́. Bí onígbèsè bá ṣì kọ̀, kóòtù lè rán báílìfù lọ kó ẹrù rẹ̀ tà, tàbí kó pàṣẹ fún báǹkì rẹ̀ láti san owó náà jáde. Olówó fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ sọ báǹkì tó jẹ́ fún kóòtù. Ẹni tí kò pa álàátì ìgbà tí oníbàárà kọ́kọ́ san díẹ̀ rẹ́ ti rí orúkọ báǹkì náà níbẹ̀.