Àfojúdi

Àfojúdi ni orúkọ tí àwọn Yorùbá ń pe ìwà ẹni tí kò ka ẹni tó jù ú lọ sí, yálà nínú ọ̀rọ̀ tàbí nínú ìṣe. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe “fojú di” ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀, ẹni tó bá sì sọ ọ́ di àṣà ni aláfojúdi. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà gbòòrò ju ọ̀rọ̀-orúkọ yìí lọ: ènìyàn lè fojú di àìsàn, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù sì lè fojú di ikọ̀ tó fẹ́ bá a figagbága, láìsí pé ẹnikẹ́ni hu ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ àfojúdi, ọ̀rọ̀ ti kan ọjọ́ orí tàbí ipò nìyẹn. Bí àgbà bá fi ọ̀rọ̀ gún ọmọdé lára, ìwọ̀sí ni wọ́n sábà máa ń pè é. Àrífín àti ìyájú ló sún mọ́ àfojúdi jù. Ìyájú wọ́pọ̀ fún ọmọ tí ń dá àgbà lóhùn nígbà tí wọ́n ń bá a wí.

Kò dìgbà tí ènìyàn bá bú àgbà kó tó ṣe àfojúdi. Kí ọmọdé fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kó pòṣé, kó yínmú, tàbí kó kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà pé kí àwọn bọ ara wọn lọ́wọ́, ó ti tó. Òwe pàápàá ní ìlànà tirẹ̀. Ọmọdé tó bá pa á lójú àgbà gbọ́dọ̀ fi “tótó, ó ṣe bí òwe” tọrọ àforíjì, kí àwọn àgbà tó dáhùn pé “wàá rí òmíràn pa”. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí òwe náà ti wù kó bọ́ sójú ẹ̀ tó, wọ́n lè kà á sí àfojúdi.

Ibi tí ìtumọ̀ náà ti máa ń dá èdè-àìyedè sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Ní Ọ̀yọ́ àti nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, “ẹ” ni ọmọ fi ń bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, “o” sì jẹ́ àfojúdi gbáà. Ní àwọn apá kan ilẹ̀ Èkìtì àti Oǹdó, ọmọ lè fi “o” bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìkúnlẹ̀ tó ti ń kí i, láìsí ẹni tí yóò bínú nínú ilé náà, àfi àlejò tó bá ti ìhà Ọ̀yọ́ wá.