Ohun Tó Wà Nínú Àpò Oògùn Mary Seacole

Nọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe Mary Seacole bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ oògùn, apòògùn ni mo kà á sí, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ṣáájú wa nídìí iṣẹ́ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń po oògùn rẹ̀, òun ló ń wọ̀n ọ́n, òun ló ń tà á, òun náà ló sì ń jókòó ti aláìsàn mọ́jú. Ó kọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ sínú ìwé tó ṣe nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní 1857. Nítorí náà a lè tú àpò oògùn rẹ̀ wò lónìí, ká yẹ ohun inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan nínú wọn gba ẹ̀mí là. Àwọn kan, májèlé ni.

Ìlú Kingston ní Jàmáíkà ni wọ́n ti bí i ní 1805. Mary Jane Grant ni orúkọ rẹ̀ kó tó lọ́kọ. Bàbá rẹ̀, James Grant, ọmọ Scotland ni, ológun lábẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀ tí kì í ṣe ẹrú, ó sì ní ilé àlejò kan tí wọ́n ń pè ní Blundell Hall. Oko ẹrú ṣì wà ní Jàmáíkà nígbà náà: 1834 ni òfin tó fòpin sí i bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 1838 ni òmìnira tó pé. Àwọn adúláwọ̀ tí kì í ṣe ẹrú pàápàá kò lè dìbò nígbà tí wọ́n bí Mary, wọn kò lè di ipò ìjọba mú, ọ̀nà iṣẹ́ dókítà àti ti lọ́yà sì dí mọ́ wọn. Ohun tó kù fún obìnrin tó bá ní òye ìwòsàn ni kó gba àwọn aláìsàn sínú ilé ara rẹ̀.

Ohun tí ìyá Mary ṣe nìyẹn. Àwọn ọmọ ogun tó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé kì í pẹ́ tí ibà pọ́njú fi ń dá wọn wó, Blundell Hall ni àwọn ọ̀gá wọn sì ń wá tàwọn tìyàwó. Ó ń fún wọn ní oògùn ewé, ó ń jẹ́ kí ibùsùn wọn mọ́, ó ń ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn wọlé, ó ń se oúnjẹ tí ara aláìsàn lè gbà. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní erékùṣù náà, doctress ni wọ́n ń pè wọ́n. Cubah Cornwallis ti Port Royal wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn ṣáájú Mary: òun ló tọ́jú Horatio Nelson ní 1780, nígbà tí àìsàn fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí ọ̀dọ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú ogun náà. Ìmọ̀ tí àwọn ẹrú gbé sórí wá láti Áfíríkà wà nínú iṣẹ́ wọn, ewé erékùṣù náà wà níbẹ̀, wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n rí lọ́wọ́ dókítà òyìnbó kún un.

Ọmọláńgidi ni aláìsàn àkọ́kọ́ tí Mary tọ́jú. Àìsàn yòówù tó bá ń jà ní Kingston, ọmọláńgidi náà gbọ́dọ̀ ṣe é. Ó kúrò lórí ọmọláńgidi, ó bọ́ sórí ajá àti ológbò, nígbà tó yá ó ń dán oògùn wò lára ara rẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún 12, ó ti ń bá ìyá rẹ̀ tọ́jú àwọn ọ̀gágun. Àwọn dókítà ológun tó ń wọ̀ sílé wọn sì kọ́ ọ ní tiwọn. Báyìí ló ṣe jogún ìmọ̀ méjì: ti ìyá rẹ̀, àti ti dókítà ayé ìgbà náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn méjèèjì kò níye lórí bákan náà.

Ní November 1836 ó fẹ́ Edwin Horatio Hamilton Seacole. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Black River, ṣùgbọ́n ọjà kò tà, ara ọkọ rẹ̀ kò sì le. Iná jó Blundell Hall ní 1843. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1844, kò sì pẹ́ tí ìyá rẹ̀ náà fi kú. Òun àti ọkọ rẹ̀ kò bímọ. Òun àti arábìnrin rẹ̀, Louisa, ló di ilé àlejò náà mú lẹ́yìn tí wọ́n tún un kọ́.

Ní 1850, àrùn onígbáméjì wọ Jàmáíkà, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n èèyàn, ó kéré tán. Dókítà kan tó wọ̀ sílé Mary kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó lọ bá arákùnrin rẹ̀, Edward, ní ìlú Cruces ní Pánámà, níbi tí àwọn tó ń wá góòlù lọ sí California ń gbà kọjá. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí ọ̀rẹ́ Edward kan fi kú lójijì. Wọ́n ní májèlé ni. Mary wo òkú ọkùnrin náà, ó sì sọ fún wọn pé onígbáméjì ni. Kò sí dókítà gidi nílùú náà, òun ni gbogbo wọn sáré tọ̀ wá. Olówó ń sanwó, ó ń tọ́jú aláìní lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ló wá fún wọn? Ó fún wọn ní mọ́sítádì láti fi bì, ó tún fi mọ́sítádì lẹ̀ wọ́n níkùn àti lẹ́yìn. Ó fún wọn ní kálómẹ́lì. Ó fún àwọn kan ní òjé tí wọ́n ti sọ di iyọ̀ aládùn. Bí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n, ó ń fún wọn ní omi tó fi sínámọ́nì sè.

Kálómẹ́lì ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú funfun ni, mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Láyé ìgbà náà kò sí àìsàn tí àwọn dókítà kì í lò ó fún. Bí itọ́ bá ń ya lẹ́nu aláìsàn tí èrìgì rẹ̀ wú, wọ́n á ní oògùn ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àmì pé mẹ́kúrì ti wọ̀ ọ́ lára ni. Oògùn yìí wà nínú lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di àwọn ọdún 1950, ó sì pa àwọn ọmọ kan kí wọ́n tó jáwọ́ níbẹ̀. Mẹ́kúrì kan náà ló wà nínú àwọn ìpara ìbóra kan tí wọ́n ń tà lọ́jà wa títí dòní, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Òjé ńkọ́? Ó máa ń mú ìfun sún kì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rò pé yóò dá ìgbẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọnú ara, inú egungun ló ń sùn sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí èyí ni mo ṣe ń bẹ àwọn ìyá tó ń lé tìróò fún ọmọ ọwọ́ pé kí wọ́n dákun jáwọ́. Òjé ló pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ tìróò.

Ẹ jẹ́ ká wo bí onígbáméjì ṣe ń pa èèyàn, kí ọ̀rọ̀ mọ́sítádì lè yé wa. Kòkòrò rẹ̀ a máa tú májèlé kan sínú ìfun, ìfun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi àti iyọ̀ ara síta. Bó bá le, ara lè pàdánù omi tó tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Ẹ̀jẹ̀ á ki, kíndìnrín á dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tó jí ní àlàáfíà lè má rí alẹ́. Ẹni tí omi ń tán lára rẹ̀, tí wọ́n tún fún ní ohun tí yóò fi bì àti kálómẹ́lì tó ń mú èèyàn yàgbẹ́, wọ́n ń ti í síwájú sí ikú ni.

Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n fi sínámọ́nì sè! Dókítà púpọ̀ nígbà náà kì í fẹ́ fún aláìsàn onígbáméjì lómi. Mary fún wọn. Sísè tó sè é sì ti pa kòkòrò inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé kòkòrò ni: 1849 ni John Snow, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́kọ́ kọ ọ́ pé inú omi ni àrùn náà ń gbà wọlé, ọ̀pọ̀ kò sì gbà á gbọ́. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni mo rí níbi omi yìí, àti níbi bó ṣe ń nu ara wọn, tó ń jẹ́ kí ara wọn móoru, tó sì ń dúró tì wọ́n.

Ohun tó kù sí omi náà ni iyọ̀ àti ṣúgà. Dókítà Thomas Latta ti fa omi oníyọ̀ sí iṣan aláìsàn ní Leith ní Scotland ní 1832, àwọn kan sì jí, ṣùgbọ́n wọ́n pa á tì. Àwọn ọdún 1960 ni wọ́n tó rí i dájú pé ìfun tó ń dàálẹ̀ ṣì lè gba iyọ̀ wọlé bí ṣúgà bá mú un lọ́wọ́ dání, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Ní 1971, Dókítà Dilip Mahalanabis lo omi iyọ̀ àti ṣúgà ní àgọ́ àwọn tó sá fógun Bangladesh ní Bangaon ní Íńdíà. Ikú tó ń pa nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún já wálẹ̀ sí nǹkan bí mẹ́rin.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń yàgbẹ́ gbuuru nílé yín lónìí, ẹ ra ORS, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú iyọ̀ àti ṣúgà yìí, ní kẹ́míìsì, kí ẹ fi iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pò ó. Bí kò bá sí, lítà omi kan tó mọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má jẹ́ kó lé téńté lórí ṣíbí: iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu fún ọmọdé. Ọmọ tó ti ju oṣù mẹ́fà lọ yóò tún lo síǹkì, míligíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Mary bẹ̀rù ópíọ̀mù, oògùn tó ń kunni lóorun tó sì tún ń dá ìgbẹ́ dúró, fún aláìsàn onígbáméjì, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má fún ọmọ ní loperamide láti fi dá ìgbẹ́ dúró. Flagyl tí àwọn èèyàn ń sáré rà kò sì ran onígbáméjì rárá. Bí ìgbẹ́ bá ń ya bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, ẹ máa fún un ní ORS lọ sílé ìwòsàn, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lára Mary ṣẹlẹ̀ ní Cruces yìí kan náà. Ọmọ ọwọ́ kan kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fún ẹni tó fẹ́ lọ sin òkú náà lówó, ó sì la òkú ọmọ náà létí odò láti wo ohun tí àìsàn náà ṣe nínú rẹ̀. Ó le láti gbọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó lè gbà á wọlé ni, ó sì fẹ́ mọ ìdí tí oògùn òun kò fi ṣiṣẹ́. Ó jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé òun ṣàṣìṣe, pé ó ṣeé ṣe kí òun pàdánù àwọn tí òun ì bá gbà là lẹ́yìn náà. Dókítà tó kọ irú èyí síwèé lọ́rúndún náà kò pọ̀.

Ìrìn àjò rẹ̀ sí Crimea, níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá Rọ́ṣíà jagun, ni ayé mọ̀ jù. Ní 1854 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ ogun, wọn kò gbà á. Ó fi owó ara rẹ̀ lọ. Ní 1855, òun àti Thomas Day kọ́ British Hotel nítòsí Balaclava, ó ń ta oúnjẹ àti ẹrù níbẹ̀, ó sì ń pín oògùn fún ẹni tó bá ń yàgbẹ́ àti ẹni tí òtútù ti jẹ lẹ́sẹ̀. Ogun parí ní 1856, ọjà kú sí wọn lọ́rùn, gbèsè gbé wọn dé kóòtù. Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí ní 14 May 1881. Ère rẹ̀ ti wà níwájú ilé ìwòsàn St Thomas' níbẹ̀ láti 2016.

Àwọn ará Jàmáíkà kò tíì fi ewé sílẹ̀. Cerasee ni wọ́n ń sè mu jù, ejìnrìn wa ni. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tó dé erékùṣù náà, àdúgbò kan ní Westmoreland sì ń jẹ́ Abeokuta títí dòní. Mi ò ní sọ pé kí ẹ da ejìnrìn nù. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu rẹ̀ wà fún ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bíi glibenclamide: òógùn lè bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òòyì á kọ́ ọ. Kí aboyún má mu ún. Bí ẹ bá wá ra oògùn lọ́dọ̀ wa, ẹ sọ fún wa pé ẹ ń mu àgbo. Bí ẹ kò bá mọ ewé tó wà nínú rẹ̀, ẹ gbé ìgò rẹ̀ dání wá.