Ṣílè Mẹ́ta Tó Bí Áwọ́ọ̀dù Àwọn Oníṣẹ́ Irin ní Austrálíà

Bi oníṣẹ́ irin kan ní Austrálíà pé ta ló fìdí owó iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, orúkọ Adájọ́ Higgins ni yóò kọ́kọ́ dá, lẹ́yìn náà yóò ní ṣílè méje. Ṣílè méje lóòjọ́ ni Higgins, adájọ́ kóòtù ìlàjà tó ń dá aáwọ̀ ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, dá fún lébìrà tí kò kọ́ṣẹ́ ní ọdún 1907: òun lókìkí, òun ni ìwé ìtàn ń kọ. N kò bá ṣílè méje jà. Ṣùgbọ́n ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí, ojú tí mo fi ń wo ìdájọ́ náà sì yàtọ̀. Ẹnu kan náà tí adájọ́ fi ní kí wọ́n san ṣílè méje fún lébìrà ló fi ní kí wọ́n san mẹ́wàá fún fítà, ẹni tó ń to irin mọ́ irin títí ẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́. Ṣílè mẹ́ta ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Níbi ṣílè mẹ́ta yẹn gan-an ni áwọ́ọ̀dù àwọn oníṣẹ́ irin ti ṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ áwọ́ọ̀dù yìí máa ń ṣi àwa lọ́nà. Bí a bá ti gbọ́ ọ, ife-ẹ̀yẹ àti fọ́tò lórí pèpéle ló ń wá sí wa lọ́kàn. Faransé àtijọ́ tí àwọn ará Normandy gbé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá: eswarder, kí ènìyàn wo ọ̀ràn fínnífínní kó tó dá a. Ìdájọ́ onílàjà ni. Ní Austrálíà, ìwé ìdájọ́ ni áwọ́ọ̀dù, tó ń sọ iye owó, wákàtí iṣẹ́, ofatáìmù àti ìsinmi, tó sì lágbára bí òfin. Ọ̀gá tó bá san owó tó kéré sí ohun tó wà nínú rẹ̀ ti rú òfin nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sẹ́yìn dáadáa, ibi tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kì í fẹ́ dé. Ní 1563, nígbà Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan pé ẹni tó bá fẹ́ máa fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ fún ọdún méje ó kéré tán, pé kí àwọn adájọ́ àdúgbò sì máa jókòó lọ́dọọdún láti dá iye tí wọn yóò máa san fún òṣìṣẹ́. Ọdún ìkọ́ṣẹ́ àti owó tí adájọ́ dá, inú òfin kan ṣoṣo ni méjèèjì wà. Wọ́n fagi lé apá ti owó ní 1813, wọ́n fagi lé ti ìkọ́ṣẹ́ ní 1814. Òfin kú, ṣùgbọ́n èmi gbà pé àṣà rẹ̀ kò kú. Ẹni tó ti sin ọ̀gá fún ọdún méje, tó fẹ́ ẹwìrì, tó pọn omi, tí iná ti ta sí lára, kò lè gbà láé kí owó òun àti ti ẹni tó wọlé lánàá dọ́gba. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà bá ṣe fírídọ́ọ̀mù, ọ̀gá á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á súre fún un, àwọn àgbà ẹgbẹ́ á jókòó ṣe ẹlẹ́rìí. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tún gbọdọ̀ san owó ọmọ iṣẹ́ fún un.

Ní 1851, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ẹgbẹ́ wọn pọ̀ di Amalgamated Society of Engineers. Kò pẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1852, tí àwọn agbanisíṣẹ́ fi ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ mọ́ wọn. Lọ́dún yẹn kan náà ni díẹ̀ nínú wọn wọ ọkọ̀ òkun Frances Walker, ojú omi ni wọ́n sì ti dá ẹ̀ka Austrálíà sílẹ̀ kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Sydney. Kí ni wọ́n bá ara wọn sọ lórí omi? Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ owó fítà ni. Ènìyàn tí wọ́n tì sóde nílé, tó ń lọ sí ilẹ̀ tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ohun kan ṣoṣo tó gbé dání ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì ní fẹ́ tà á lọ́pọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé nígbà tí Higgins fi máa jókòó, ṣílè mẹ́ta ti wà lọ́kàn àwọn fítà fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn kan á ní New Zealand ló ṣe òfin ìlàjà ṣáájú, ní 1894. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin nìkan nìyẹn. Àwọn mìíràn á ní ìyanṣẹ́lódì àwọn atukọ̀ ní 1890 àti ti àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn ní 1891 ló bí gbogbo rẹ̀. Wọ́n bí kóòtù ìlàjà ti 1904, mo gbà. Wọn kò bí owó fítà.

Ó wá di Sunshine, lẹ́bàá Melbourne, níbi tí H. V. McKay ti ń ṣe ẹ̀rọ ìkórè àlìkámà. Òfin 1906 gbé pọ́ùn mẹ́fà lé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, àfi bí ilé iṣẹ́ bá lè fi hàn pé owó tó tọ́ tó sì bójú mu lòun ń san. McKay lọ bá Higgins fún ìwé ẹ̀rí. Ṣílè mẹ́fà lóòjọ́ ló ń san fún lébìrà. Higgins gbọ́ ẹ̀rí àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ tó ka owó ilé: háyà, búrẹ́dì, ẹran, igi ìdáná. Ó rí i pé ilé ènìyàn bíi márùn-ún kò lè ná kéré sí ṣílè 32 àti pẹ́ńnì 5 lọ́sẹ̀ (pẹ́ńnì 12 ni ṣílè kan). Ṣílè mẹ́fà fún ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ 36. Ṣílè 3 àti pẹ́ńnì 7 ló ṣẹ́ kù, inú rẹ̀ ni wọn yóò ti ra aṣọ àti bàtà, tí wọn yóò ti wọ ọkọ̀ ojú irin, san owó ẹgbẹ́, ra ìwé ọmọ, tọ́jú aláìsàn, sìnkú. Ló bá sọ ọ́ di méje.

Orí mi máa ń wú tí mo bá ka ibẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìyàwó ilé tó ka ọjà tó lè bí ṣílè mẹ́ta ti fítà. Ebi ló bí méje. Ìkọ́ṣẹ́ ló bí mẹ́ta. Higgins fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀: nínú ìdájọ́ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀tọ̀ ni owó ìpìlẹ̀, ọ̀tọ̀ ni owó ìmọ̀ iṣẹ́.

Ní 1908 ilé ẹjọ́ gíga fagi lé òfin tó gbé ìdájọ́ náà ró. Ibí ni àwọn fítà ti fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn. Ìwé òfin Austrálíà kò jẹ́ kí kóòtù ìlàjà dá sí aáwọ̀ àyàfi tó bá kọjá ààlà ìpínlẹ̀ kan. Ní 1910, ilé ẹjọ́ gíga tún ní kóòtù náà kò lè sọ ìdájọ́ rẹ̀ di òfin gbogboogbò fún iṣẹ́ kan. Àwọn tí wọ́n bá pè lẹ́jọ́ nìkan ló dè. Kí ni Amalgamated Society of Engineers, ẹgbẹ́ àwọn fítà, wá ṣe? Wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sínú ìwé, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan tẹ̀ lé ọ̀gá kan káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Bí àwọn ọ̀gá bá ti kọ̀, aáwọ̀ ti kọjá ààlà nìyẹn. Àwọn agbanisíṣẹ́ 843 ni wọ́n kó pọ̀ sínú ẹjọ́ kan ṣoṣo, títí kan ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Austrálíà. Agbẹjọ́rò wọn jẹ́ ọmọ ọdún 25, Robert Menzies, tó padà di olórí ìjọba. Ní oṣù kẹjọ 1920 wọ́n jàre. Láti ìgbà náà ni áwọ́ọ̀dù kan ti lè bo iṣẹ́ irin káàkiri orílẹ̀-èdè, ti aládàáni àti ti ìjọba. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni wọ́n fi ń pe ẹjọ́ yẹn títí dòní: Engineers' Case.

Ìyókù yá. Wákàtí 44 lọ́sẹ̀ tí Higgins fún wọn ní 1921, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1922, ó padà wá ní 1927. Ní 1930 Adájọ́ Beeby kọ Metal Trades Award, ìwé ńlá tó kó oríṣiríṣi iṣẹ́ irin pọ̀, owó fítà inú rẹ̀ sì di òṣùwọ̀n tí àwọn iṣẹ́ mìíràn ń wò. Ní 1954 wọ́n sọ owó ìmọ̀ iṣẹ́ di ìlọ́po méjì àbọ̀ ti 1937. Ní 1967 wọ́n pa owó ìpìlẹ̀ àti owó ìmọ̀ iṣẹ́ pọ̀ di ẹyọ kan. Àwọn obìnrin, tí òṣùwọ̀n ọkọ, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ti fi sẹ́yìn láti 1907, dúró di 1969 àti 1972 kí kóòtù tó gba ẹ̀tọ́ ìdọ́gba wọn. Ní 1981 wákàtí di 38. Orúkọ ìwé náà yí padà ní 1971, ní 1998, àti ní 2010 tó di ti iṣẹ́ ìṣelọ́pọ̀ àti àwọn iṣẹ́ tó so mọ́ ọn.

Ọdún 1989 nìkan ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ìpín òṣìṣẹ́ inú áwọ́ọ̀dù ti lé ní 300 nígbà yẹn, wọ́n sì dín in kù sí ìpele 14, láti C14 nísàlẹ̀ dé C1 lókè. Fítà tó parí ìkọ́ṣẹ́ wà ní C10, wọ́n kọ 100 sí iwájú owó rẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń wọn gbogbo ìpele yòókù. Wọ́n kọ 78 sí iwájú C14, ẹni tí kò tíì kọ́ iṣẹ́ kankan. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé Higgins: méje nínú mẹ́wàá, ìyẹn 70 nínú 100. Ọdún 82 ló wà láàárín ìwé méjèèjì, fítà ṣì ni òṣùwọ̀n.