Àyà Tó Já Kì í Ṣe Wòlíì

Ní Ìlọrin níbí, ó ti wọ́pọ̀ kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ṣàdédé sọ pé, "Àyà mi já, mi ò ṣe mọ́." Owó ti pé, ẹlẹ́rìí ti jókòó, síbẹ̀ ó dìde. Kò sẹ́ni tí yóò bá a jiyàn, torí ọ̀pọ̀ wa gbà pé àyà kì í já lásán, pé ara ti rí ohun tí ojú kò tíì rí.

Lóòótọ́ ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lára, àmọ́ ara kì í sọ ìdí rẹ̀. Bí àyà ṣe ń lù kìkì fún ẹ̀rù náà ló ń lù fún ayọ̀, àti fún ẹni tó ti ń jẹ obì láti àárọ̀ láìfi oúnjẹ sínú, nítorí káfíìnì inú obì a máa mú ọkàn sáré. Ọpọlọ ló ń wá ìdí kiri, ohun tó bá bá nítòsí ló sì máa ń dì mú.

Ní 1974, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá méjì, Dutton àti Aron, dán èyí wò ní Kánádà. Obìnrin kan bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ lórí afárá Capilano, tó ń mì jìgìjìgì lókè odò, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ó ṣe bákan náà lórí afárá mìíràn tó dúró gbọin. Nínú 18 tó gba nọ́ńbà lórí èyí tó ń mì, 9 ló pè é. Lórí ìkejì, 2 péré nínú 16. Àwọn olùwádìí náà ní afárá ló mú àyà wọn lù, tí wọ́n fi rò pé obìnrin náà ni.

Kì í ṣe gbogbo irú ìròyìn yìí ló dúró o. Ní 2008, àwọn olùwádìí mìíràn ní ẹni tó bá di ife kọfí gbígbóná mú máa ń rí àlejò bí onínúure. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn tún ìwádìí náà ṣe pẹ̀lú èrò púpọ̀ sí i, wọn ò rí i bẹ́ẹ̀.

Ti ahunṣọ òfì yàtọ̀ pátápátá. Bó bá fi ìka ra òwú, tó ní "eléyìí ò ní pẹ́ já," ẹ gbọ́ tirẹ̀: òwú ti já mọ́ ọn lọ́wọ́ láìmọye ìgbà. Ẹni tó ń ra ilẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́nà Ọ̀fà ò tíì ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lára. Kó jẹun, kó jẹ́ kó di ọ̀la, kó bi àwọn ará àdúgbò ta ló nilẹ̀.

Bí àyà bá sì ń já lemọ́lemọ́ láìnídìí, aáfà àti pásítọ̀ lè gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n sì gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù.