Ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún ẹni tó la ìfipábánilòpọ̀ tàbí ìwà ipá abẹ́lé já

Ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni gbogbo ìrànlọ́wọ́ tó ń tẹ̀lé ìtọ́jú pàjáwìrì: àyẹ̀wò tó ṣẹ́ kù, ìwòsàn ọkàn, ibùgbé, ẹjọ́ àti àtijẹ àtimu. Ní Nàìjíríà, ibùdó Mirabel ló kọ́kọ́ kó dókítà àti agbaninímọ̀ràn sábẹ́ òrùlé kan lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Oṣù Keje ọdún 2013 ló ṣí nílé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà. Ibùdó WARIF ní Yábàá, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tẹ̀ lé e. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ní DSVA, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ipá abẹ́lé àti ìfipábánilòpọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ ní 2014, tí òfin sì sọ di àjọ ní 2021.

Lẹ́yìn wákàtí 72

Oògùn PEP tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ìdí nìyí tí gbogbo ariwo fi wà lórí ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 28 gbáko ni wọ́n ń fi lo oògùn náà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Inú rírún àti òòyì ń mú kí àwọn kan dá a dúró. Àwọn mìíràn kò tíì sọ fún ará ilé, wọn kò sì mọ ibi tí wọn yóò fi ike oògùn pa mọ́ sí. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ máa ń béèrè ibi tí oògùn náà yóò wà kó tó gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) dábàá pé kí aláìsàn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan, oṣù mẹ́ta àti oṣù mẹ́fà. Àyẹ̀wò HIV ń tún wáyé ní oṣù kẹta àti ìkẹfà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B, ìkẹta sì máa ń bọ́ sí àárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé owó ọkọ̀ ni kì í jẹ́ kí wọ́n padà wá. Ẹni tó ń wá láti Badagry sí Ìkẹjà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ìwòsàn ọkàn

Láàárín oṣù àkọ́kọ́, àìróorunsùn, ìfòyà àti ara gbígbọ̀n kì í ṣe àrùn; lára ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n ń rọlẹ̀ fúnra wọn. WHO kò fara mọ́ fífún wọn ní oògùn amárabalẹ̀ bíi diazepam lásìkò yìí, kò sì fara mọ́ mímú kí wọ́n tú gbogbo ọ̀rọ̀ síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ju oṣù kan lọ tí àlá burúkú, ìrántí tó ń já wọlé bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, àti yíyẹra fún èèyàn tàbí ibì kan ṣì ń bá a fínra, ó yẹ kí oníṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò fún PTSD, àìsàn ọkàn tó ń tẹ̀lé ìjàmbá tó dẹ́rù bani. Ìtọ́jú CBT (ìjíròrò tó ń tún èrò àti ìwà ṣe) tó dá lórí ìjàmbá náà, tàbí EMDR (níbi tí ẹni náà ti ń rántí ìjàmbá náà bó ṣe ń yí ojú síhìn-ín sọ́hùn-ún) ni wọ́n sábà máa ń lò, ìjókòó 8 sí 12, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ti ọmọdé máa ń tó 12 sí 16, pẹ̀lú òbí tí kò lọ́wọ́ nínú ìwà náà.

Agbaninímọ̀ràn kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìtàn. Ó ń kọ́ ẹni náà bí yóò ṣe mú ara balẹ̀ ná: kó dárúkọ ohun márùn-ún tó ń rí, mẹ́rin tó lè fọwọ́ kàn, mẹ́ta tó ń gbọ́, méjì tó ń gbóòórùn, ọ̀kan tó ń tọ́ wò. Bí ẹni náà bá ṣì ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń lù ú, ààbò ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ti àtẹ̀yìnwá.

Ìpè, ẹbí àti òfin

Kí ibùdó tó pe ẹni tí wọ́n ń tọ́jú lórí fóònù, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ aago mélòó ló dára, ta ló tún ń gbé fóònù náà, àti ohun tí wọn yóò sọ bí ẹlòmíràn bá gbé e. Àwọn kan ń fẹnu kò pé kí olùpè ní òun ń pè láti ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ìpè kan tí kò ní ìlànà lè dá ìjà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

“Ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí” ni ẹbí sábà máa ń wí, “nítorí àwọn ọmọ.” Ìjókòó ẹbí tí wọ́n ti mú kí ẹni tí wọ́n lù tọrọ àforíjì lè dá ìtọ́jú padà sẹ́yìn gan-an. Òfin Èkó ti 2007 tó lòdì sí ìwà ipá abẹ́lé, àti VAPP, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 tó lòdì sí híhùwà ipá sí èèyàn, fàyè gba àṣẹ ààbò láti ilé ẹjọ́. VAPP tún fún ẹni tí wọ́n hùwà ipá sí lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú ara àti ọkàn, ìrànlọ́wọ́ agbẹjọ́rò, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti owó yíyá kékeré. Àmọ́ kí wọ́n kọ́ obìnrin kan níṣẹ́ kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan kò tó. Bí kò bá sí owó ilé, owó ilé ìwé àwọn ọmọ àti ẹni tí yóò mójú tó wọn fún oṣù díẹ̀, obìnrin náà á ta ẹ̀rọ náà, á sì padà sílé ọkọ.

Ẹjọ́ lè fà fún ọdún púpọ̀. Bí ìwé ìpè bá dé, àlá àti àìróorunsùn tó ti lọ lè padà. Nítorí náà ni àwọn ibùdó tó mọṣẹ́ kì í fi pa fáìlì dé lẹ́yìn ìjókòó kejìlá. Wọ́n ń ṣètò ìjókòó kan ṣáájú ọjọ́ ìjẹ́rìí, òmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òṣìṣẹ́ kan sì ń bá a lọ sí kóòtù.